Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Koindu, Sàró (Sierra Leone)

Kúdẹtì, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni baálé rẹ? Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti jẹ́ kó sinmi? Ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ò yé béèrè rẹ. Ó ní kí n bá òun kí "Àǹtí Sàró", kí n sì bi ọ́ bóyá wọ́n ń jẹ àkàrà lọ́hùn-ún. Mo sọ fún un pé wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa, pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú láyé àtijọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi èènì sí i fún mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lálẹ́, mo tún un kà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ibi tó dá mi dúró ni ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Koindu. O ní obìnrin tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra, ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó dáná sun ilé ìyá yìí nígbà ogun. O ní àwọn méjèèjì ń kí ara wọn láràárọ̀, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí ìlú, ọ̀kan ò fẹnu kan oúnjẹ ìkejì rí. O wá bi mí pé, tiwa ńkọ́, lẹ́yìn ogun Kírìjì? Kí ni àwọn baba wa ṣe tí ará Ìbàdàn fi lè jókòó jẹ iyán lọ́wọ́ ará Ìjẹ̀ṣà?

Ẹni tó yẹ kó o bi lo bi, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe torí pé ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Agbo ilé wa ní Kúdẹtì níbí, inú ogun yẹn la ti jáde wá. N óò sọ ọ́ fún ọ, àmọ́ fún mi ní sùúrù, torí ó gùn díẹ̀.

Hastings ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ yín gbéra ní Freetown tó kọrí sí ọ̀nà Waterloo, ẹ ó ti kọjá níbẹ̀. Hastings ni wọ́n ti bí Samuel Johnson lọ́dún 1846, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbé lárugẹ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó sì di ará Sàró. Nígbà tí Johnson wà lọ́mọdé ni bàbá náà kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Ìbàdàn, tó ń bá David Hinderer, ajíhìnrere òyìnbó, ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì níbí. O rántí pé 1853 ni Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fi ibí ṣe ilé. Ọ̀dọ̀ wọn ni Johnson ti mọ ìwé. Ó lọ sí Abẹ́òkúta lọ kẹ́kọ̀ọ́ tíṣà, ó padà wá, Kúdẹtì yìí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ àdúgbò wa ni. Nígbàkigbà tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St. David kọjá, mo máa ń rò ó pé ilẹ̀ tí ọmọ yẹn fẹsẹ̀ tẹ̀ nìyí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, o máa rí i níwájú.

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Mi ò ní gbè sẹ́yìn ìlú mi: Ìbàdàn ló fà á. A ti lágbára jù. Ajẹ́lẹ̀ wa wà káàkiri Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ohun olóhun, wọ́n ń fojú di ọba lójú àwọn ìyàwó rẹ̀. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ fi idà dáhùn, ni gbogbo Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá parapọ̀. Ààrẹ Látòósà kó ogun Ìbàdàn lọ pàgọ́ sí ẹ̀bá Ìgbájọ. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé ni tiwọn wà. Òkè àti àfonífojì ló wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Fábùnmi ti gbé Ìbàdàn rí, Ògèdèǹgbé ti gbé Ìbàdàn rí. Àwọn tó ń yìnbọn lu ara wọn mọ orúkọ ara wọn. Ohun tí o kọ sí mi nípa ogun tiyín ní agbègbè Kailahun náà nìyẹn, pé ọmọ tó ń sọná sílé mọ ẹni tó nilé.

Wọ́n wà lórí òkè yẹn títí àgọ́ fi di ìlú. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko síbẹ̀, obìnrin lóyún níbẹ̀ ó bí. Látòósà fúnra rẹ̀, àgọ́ ló kú sí lọ́dún 1885, kò fojú kan Mápó mọ́. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú di ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn lẹ́yìn, iyọ̀ di wúrà, ẹ̀tù ìbọn ń wọ́n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ará Ìgbájọ. Ọwá ni wọ́n ń pe ọba wọn, bí wọ́n ti ń pe ti Iléṣà. Ìbátan wọn wà lápá ọ̀hún, àwọn jagunjagun Ìbàdàn sì wà nínú ilé wọn. Àgbàdo tí wọ́n gbìn, ọmọ ogun ẹlòmíì ló ń ya á. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí Ìbàdàn, wọ́n di ọ̀tá. Bí wọ́n bá dákẹ́, ìbátan wọn lọ́hùn-ún á pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀tán wà nínú irú ìyà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni Ìrẹ́sì àti Àdá. Ìlú ààlà kì í yan ogun fúnra rẹ̀. Ìwọ tí o wà ní Koindu, tí Guinea wà lápá kan tí Liberia wà lápá kejì, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọ.

Ibi tí Johnson ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Lọ́dún 1881 ni Aláàfin Adéyẹmí rán an sí Gómìnà ní Èkó pé kí wọ́n wá bá òun la ìjà náà. Èkó ò tètè dáhùn. Nígbà tó di 1886, Gómìnà Moloney rán òun àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wà ní Oǹdó, pé kí wọ́n lọ bá àwọn àgọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀. Phillips ni Èkìtì mọ̀, Johnson ni Ìbàdàn mọ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ ti ìhín, wọ́n gbọ́ ti ọ̀hún, wọ́n tún padà lọ bi ìhín pé ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún yẹn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kéde àlàáfíà lórí òkè náà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n dáná sun àgọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi padà sí.

Mo fẹ́ kó o wo ohun kan nínú ìwé àdéhùn yẹn. Ó sọ nípa àwọn ìlú ààlà mẹ́rin yìí, Ọ̀tán, Ìrẹ́sì, Àdá àti Ìgbájọ, pé abẹ́ Ìbàdàn ni wọn óò wà. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ẹnikẹ́ni nínú ará ìlú wọ̀nyí tó bá fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Mo ti ronú sí gbólóhùn yẹn láìmọye ìgbà. Àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ò ṣeé pín kó tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, nítorí náà wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n tú ẹsẹ̀ èèyàn. Lójú tèmi, òun ni ohun tó gbọ́n jù nínú gbogbo ìwé náà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń wá àlàáfíà lónìí máa kà á.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ rọrùn lẹ́yìn ìyẹn o. Ogun Ìbàdàn ò wálé. Ìkìrun ni wọ́n ṣẹ́rí sí, torí Ìlọrin àti ọ̀rọ̀ Ọ̀fà, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 1893 tí Gómìnà Carter fi wá tú wọn ká. N kò gbé gbogbo ògo yẹn fún òyìnbó. Lọ́dún 1892 ni wọ́n ti fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì gbọ́. Ẹ̀rù wà nínú àlàáfíà tí Carter gbé wá, ọdún 1893 náà gan-an la sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lábẹ́ wọn. Ó dùn mí títí dòní. Àmọ́ ó rẹ àwọn olóyè, ó rẹ àwọn ọmọ ogun, ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́ ti ń dàgbà, kò sì mọ ilé.

Ó yá, jẹ́ kí n wá sí agbo ilé wa. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. O gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó Fọlákẹ́, tí àwọn obìnrin ilé ń ki wá ní ọmọ Ọbòkun, o bi mí nígbà náà pé ṣé ẹ kì í ṣe ará Ìbàdàn ni? Ogun ló kó o. Ọmọdébìnrin ni, ó ń gbé omi bọ̀ láti odò nígbà tí wọ́n mú un. Wọ́n mú un dé ibí, ó dàgbà nílé ológun kan, ọmọ ilé náà fi ṣe aya, ó bímọ. Nígbà tí ogun parí tí ọ̀nà là, ẹgbàágbèje ẹrú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Ìbàdàn ló dìde tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Lára wọn ni àwọn tó ti di onígbàgbọ́ níbí, tí wọ́n gbé ìhìn rere dé ìlú wọn kí àlùfáà kankan tó dé ibẹ̀.

Àbúrò ìyá yìí wá a wá. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti Bẹẹrẹ, ó ń béèrè láti agbo ilé dé agbo ilé, títí wọ́n fi júwe Kúdẹtì fún un. Wọ́n ní kò wọ inú ilé. Òde ló jókòó sí, lábẹ́ igi, idà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ wá, kò tọ́ ọ wò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, tó rí ojú rẹ̀, kò kọ́kọ́ sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé igbá omi yẹn, ó mu ún dé ìdajì, ó gbé ìyókù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó mu ún. Ìyá bàbá mi ló máa ń sọ èyí, ó sì máa ń fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe gbé igbá náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Ọkọ rẹ̀ sọ pé kó lọ. Kò dè é mọ́lẹ̀, kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè fi wọ́n dá a dúró. Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ, ó pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn, ó fa ti àgbà lọ́wọ́. Ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Ó dúró tì í títí wọ́n fi wa iṣu tuntun. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó padà sí Kúdẹtì, òun fúnra rẹ̀ ló yàn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí ọdún kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ kì í gbé obì wá tà ní Ọjà'ba. Agbo ilé wa ni wọ́n ń sùn sí. Wọ́n ń jẹ àmàlà wa, wọ́n ń bú u pé kò tó iyán, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí bàbá bàbá mi fẹ́ fẹ́ ìyàwó, àwọn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ tì í, ìdajì wọn Ìjẹ̀ṣà ni.

O rí i, Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé parí ogun, ṣùgbọ́n obìnrin tó lè lọ, tó tún lè padà, òun ló sọ ilé méjì di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti dá a dúró ní Ìbàdàn, ẹrú ni ì bá jẹ́ títí ayé, àwọn ará ilé rẹ̀ ì bá máa gbàdúrà kí iná jó wa. Bí wọ́n bá sì fipá mú un padà sílé, a ò ní mọ̀ wọ́n, wọn ò ní mọ̀ wá. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ ló ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi ní ìgbéyàwó kan ní Ìgbájọ, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A gba Ìwó, a gba Òṣogbo, a gba Ìkìrun, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ ìyàwó jẹ́ ọmọ Ìgbájọ, ìyàwó sì jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Orí mi wú. Àwọn ìlú méjì tí àgọ́ ogun fi dojú kọ ara wọn! Nígbà tí alága ìjókòó ní kí gbogbo àlejò láti Ìbàdàn dìde kí wọ́n jó, a dìde, a jó, àwọn ìyá Ìmẹ̀sí sì ń fi náírà lé wa níwájú orí. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí nawọ́ sí òkè, ó ní, "Apá ibẹ̀ yẹn ni tiyín wà, ọ̀hún ni tiwa." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe oko. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo jẹ iyán lọ́jọ́ náà, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kí í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́.

Wo bí ayé ṣe tún pín wọn: Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òkè-Ìmẹ̀sí tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ wà ní Èkìtì láti 1996, àwa wà ní Ọ̀yọ́. Ààlà tuntun ti hù síbi tí ògbólógbòó wà. Kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ pàdánù àna.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Ìwé àdéhùn 1886 yẹn kan náà ní ibi tó burú. Ó ní kí wọ́n ṣí ìlú Modákẹ́kẹ́ kúrò níbi tó wà, kí wọ́n tún un tẹ̀ dó sáàárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà, kí ilẹ̀ náà padà di ti Ifẹ̀. Ará Modákẹ́kẹ́ ò kúrò. Lọ́dún 1909 ni wọ́n tú wọn ká pẹ̀lú agbára ìjọba, wọ́n fọ́n sí Ẹdẹ, sí Ìkirè, sí Gbọ̀ngán, ó sì di 1922 kí wọ́n tó padà. Ìwọ àti èmi la jọ gbọ́ ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó tẹ̀ lé e nínú rédíò, 1981, 1983, títí dé ti 1997 sí 2000 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tíṣà sá wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Ìwé kan náà, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Níbi tó ti fún èèyàn láyè láti yàn, ibẹ̀ rọ̀. Níbi tó ti ní kí wọ́n ru ìlú kúrò lórí ilẹ̀, ọgbẹ́ ò jiná. Àwọn ará Ifẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń jà fún, mi ò sọ pé wọn ò ní. Ohun tí mo ń sọ ni pé o ò lè fi àṣẹ gbé èèyàn kúrò níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, kó o wá retí pé kó dákẹ́.

Kétu náà ń bọ̀ sí mi lọ́kàn. Dàhọ̀mì pa ìlú yẹn rẹ́ ráúráú lọ́dún 1886, ọdún kan náà tí tiwa ń parí, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Àbọ̀mẹ́. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, àwọn tó kù nínú ẹrú náà fẹsẹ̀ rìn padà wálé, wọ́n bá igbó lórí ahoro. Wọ́n ṣán an, wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n ná ọjà. Ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà ṣì dúró dòní. Òyìnbó sì ti fa ààlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ìyá. Bí o bá padà wálé, a jọ máa lọ síbẹ̀, mo ti pinnu.

Ó wá ku tiyín. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń wo òwe yẹn pé bóyá ìdí rèé tí Sàró fi ní láti wá ọ̀nà míì mọ́ ti kóòtù. O sọ fún mi nípa ètò ìlàjà Fambul Tok tó wà ní Kailahun. Mo ti kà nípa wọn: pé Bomaru tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1991 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá iná sí àárín ìlú, ní àyájọ́ ọjọ́ yẹn lọ́dún 2008, kí ẹni tó ṣèkà dìde kó jẹ́wọ́ lójú ẹni tó ṣe é sí. Inú mi dùn sí i gidigidi, pàápàá bí wọ́n ṣe tún dá oko àjọro lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé oko yẹn ṣe pàtàkì tó iná náà. Ẹnu lè tọrọ ìdáríjì lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ń kọbè, tí wọ́n jọ ń pín ìrẹsì lẹ́yìn ìkórè, ara wọn ló ń mọ ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Ọjà Koindu nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn. O ní kí ogun tó dé, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló ń ná an, ará Guinea, ará Liberia, ará Sàró, tí ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ìrìnnà. Ogun fọ́ ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni Èbólà dé lọ́dún 2014, àgbègbè yín náà ni ó kọ́kọ́ mú ní Sàró, wọ́n ti ààlà, wọ́n ti ọjà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yenga tí Sàró àti Guinea jọ ń du náà sì wà nílẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ ń wo oko tí bàbá wọn ro, tí ẹsẹ̀ wọn ò balẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá wà ní ipò rẹ, àwọn ìyálọ́jà ni mo máa kọ́kọ́ lọ bá, ṣáájú ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì. Ìyálọ́jà mọ ẹni tí kò ra ọjà lọ́wọ́ ẹni, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó lè dúró sáàárín wọn. Ọjà'ba tí à ń ná lónìí, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pẹ̀lú àwọn asásálà tí ogun lé láti Ọ̀yọ́ ló kórajọ síhìn-ín, tí ọjà sì mú wọn dúró. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, òun náà la wá ń pè ní ilé lónìí.

Nípa ìyá onírẹsì yẹn, jọ̀wọ́, má fipá mú un. Má sì jẹ́ kí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ wá ya fọ́tò òun àti ìkejì rẹ̀ pọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fún wọn lówó. Wá ẹni tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ wà. Ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ, ó lè jẹ́ àna, ó lè jẹ́ obìnrin tó lọ́kọ sí Foya ní Liberia tó ń padà wá nájà. Irú ẹni tí Johnson àti Phillips jẹ́, tí tọ̀tún-tòsì mọ̀. Jẹ́ kí ẹni yẹn kọ́kọ́ jẹ nínú ìrẹsì náà lójú wọn. Ó lè pẹ́. Ti àbúrò ìyá wa, ọjọ́ kan péré ni, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé igbá fún un. Ìyá onírẹsì tìrẹ ò ní ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún.

Kí n tó gbàgbé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí Freetown fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti gbà láti bá mi gbé ẹrù díẹ̀ fún ọ: èlùbọ́, ìrù gbígbẹ, ẹ̀wà fún gbẹ̀gìrì, àti aṣọ òkè tí o ní kí n bá ọ ra ní Bẹẹrẹ. Owó aṣọ náà ti lọ sókè, mo fi tèmi kún un, a ó yanjú rẹ̀ bí o bá dé. Ó máa fi í sílẹ̀ fún ọ lọ́dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Freetown. Bí o bá ń lọ gbà á, yà ní Hastings lójú ọ̀nà, bá mi wò ó bóyá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń dárúkọ Johnson rárá, bóyá àmì kankan wà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ń bi mí, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn.

Kí baálé rẹ fún mi. Sọ fún un kó má gbé ohun tó wúwo. Fèsì tètè o, má jẹ́ kó tó ti ìjọ́sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́